Píkọ́ọ̀pù Bàbá Délé Kọ̀ Láti Jí

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti kúrò nílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe dé Monrovia, kó lọ bi Bàbá Délé, ọkọ mi. Òun ló mú mi wá, òun náà ló fi mí sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n bá òun wo ojú òun tí kò ríran dáadáa mọ́. Ojú náà là lóòótọ́, ó fi rí obìnrin mìíràn, kò sì padà wá mọ́. Ó ti di ọdún kọkànlá báyìí. Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi ni ilé oníyàrá mẹ́ta kan lẹ́bàá Camp Johnson Road, bàtà rọ́bà kan tó tóbi jù fún ẹsẹ̀ mi, àti píkọ́ọ̀pù funfun kan tó dàgbà ju àwọn ọlọ́pàá tó ń dá a dúró lójú títì lọ.

Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù náà ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ àwọn kan láìdáa níbi tí mo ti ń sọ ọ́, àwọn náà mọ̀wé, kí wọ́n kọ tiwọn.

Físíìsì ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ níbí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Bó ti ń fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó fi ìka rẹ̀ há tèmi, ó ta á: pá! Bí ẹni ń pe ajá. Ọmọ tí ì bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi ní Ìjẹ̀bú-Òde! Mo ní kó kúnlẹ̀ títí aago fi lù. Ọ̀gá ilé ìwé ló pè mí sí kọ̀rọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọmọ náà, mo na ọwọ́ sí i. Mo ta ìka títí, kò dún. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ta ìka nínú yàrá pẹ̀lú Bàbá Délé kí ó tó dún. Ọjọ́ tó dún, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, nítorí kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi pé mo ń bá ọmọ ọlọ́mọ ta ìka.

Mo kọ́ àwọn nǹkan mìíràn náà. Mo kọ́ pé ará ibí lè jẹ iṣu yó, kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, kó wá sọ fún ọ pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀, nítorí pé kò tíì fojú kan ìrẹsì. Mo kọ́ pé òjò ibí kì í rọ̀ kó lọ. Àlejò tó gbé àpótí wá ni. Ó ń rọ̀ sórí aṣọ tí a sá, ó ń rọ̀ sínú ìwé tí a kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń rọ̀ sínú ọkàn ẹni. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, mo máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní àsìkò òjò, mo máa ń bú ọkọ mi ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ogun ká wa mọ́bẹ̀. A fi Délé, ọmọ wa kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí ìyá mi. Àwa méjèèjì dúró, nítorí ẹnjiníà ni Bàbá Délé, ó sì ń bá àwọn sójà Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun náà tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà yẹn, bí àwọn oníbọn bá ti rí mọ́tò, ó ti di tiwọn. Wọ́n gba ti dókítà tó ń gbé níwájú wa. Wọ́n gba ti pásítọ̀. Wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ fi dùn wọ́n, píkọ́ọ̀pù kò ké pín. Wọ́n gbá a nípàá, wọ́n bú ìyá rẹ̀, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá Délé dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé áńgẹ́lì Olúwa ló di ẹ́ńjìnnì mú. Alàgbà Ọmọ́táyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì nígbà náà, ló dá orin. A jó. Èmi tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní yunifásítì, mo jó títí gèlè mi fi já bọ́.

Ogun parí, ṣùgbọ́n áńgẹ́lì náà kò lọ. Ó ṣì ń di ẹ́ńjìnnì mú, èmi nìkan ló sì ń dì í mú fún. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ọjà, mọ́tò á jí. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́, tàbí sí ilé ọ̀rẹ́ tí ọkọ mi kò fẹ́ràn, á kọ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá Délé á wọlé sínú rẹ̀, á tún ìjókòó ṣe, á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á sì hó gùdùgùdù.

Ọjọ́ kan wà nínú wọn tí n kò gbàgbé. Ilé ìwé ńlá kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí ipò ọ̀gá àgbà. Bàbá Délé kò fẹ́ kí n gbà á. Ó ní ta ni yóò wá máa se oúnjẹ. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí n dé. Ní aago méje ààbọ̀ mo wọ aṣọ tí mo rán fún ọjọ́ náà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Òjò ń rọ̀, kò sí táksí kankan lójú títì. Ní aago mẹ́wàá, Bàbá Délé jáde láti ilé ìwẹ̀, ó ró aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó wọ mọ́tò, ó sì jí.

“Ìyá Délé,” ó ní, “mọ́tò yìí mọ olówó ẹ̀.”

Obìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lẹ́yìn mi ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Mo kí i ní “Ẹ káàárọ̀, mà” lédè òyìnbó nígbàkígbà tí a bá pàdé, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ dára ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ: bí o bá fún un lóúnjẹ lónìí, o ó rí èsì lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo máa ń fi píkọ́ọ̀pù kó kireeti ẹyin lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Jallah Town àti ní Clara Town. Lẹ́yìn tí Bàbá Délé ti lọ, mọ́tò náà kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Mo rò pé ó ti gbà pé èmi ni olówó rẹ̀ tuntun. Ìgbà tí òjò ọdún yìí wá bẹ̀rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ àrùn rẹ̀. Lónìí á jí, lọ́la á kọ̀, lọ́túnla á jí lẹ́ẹ̀kan, á kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí mo lọ já ẹyin fún ṣọ́ọ̀bù kan ní Clara Town lẹ́yìn ìsìn, ó kọ̀ sáàárín ọ̀nà. Àwọn kekeh, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò, tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń fọn fèrè. Àwọn aláàárù márùn-ún sọ ẹrù orí wọn kalẹ̀, wọ́n wá bá mi tì í.

“Old Ma, sorry yah!” ọ̀kan nínú wọn kígbe. “Hold da steering fine! We coming push you!”

Wọ́n tì mí, wọ́n ń kọrin, ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lára. Ó jí. Mo na ọwọ́ sí wọn láti ojú fèrèsé, a bọwọ́, a ta ìka. Ta ni mo rí nínú mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú, tó fa gíláàsì sílẹ̀ tó ń mi orí? Alàgbà Ọmọ́táyọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí Délé fi pè mí láti Èkó.

“Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo gbọ́ pé àwọn aláàárù ń tì yín kiri Clara Town.”

“Mọ́tò ni wọ́n tì. Èmi kàn jókòó sínú rẹ̀ ni.”

“Màmá, ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún.”

“Kí ni kí n wá ṣe sí i, kí n dín in kù?”

“Ẹ wá sílé, mà. Mọ́tò yẹn ti kú. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò tíì sin ín. Yàrá yín ti wà nílẹ̀, a ti kùn ún. A ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá sí i.”

Ẹni tí a ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún, a ti sọ fún un pé kó lọ jókòó. Mo mọ yàrá náà. Mo ti sùn níbẹ̀ rí. Ìyàwó Délé ń wọn iyọ̀ sí oúnjẹ mi bí ẹni ń wọn oògùn. Bí mo bá dìde, ọmọ ọ̀dọ̀ á dìde. Bí mo bá lọ sẹ́nu géètì, ọlọ́dẹ á bi mí pé, “Grandma, ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ jáde?”

Inú bí mi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo ní, “Ó dáa. Ní ọjọ́ Sátidé, kí Alàgbà rẹ wá dúró lójú mi. N ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí mọ́tò yìí bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbé e lọ tà, kí o ra tíkẹ́ẹ̀tì, n ó máa bọ̀.”

“Ẹ ti sọ ọ́ o, Màmá.”

“Mo ti sọ ọ́.”

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Àbúrò mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo kọ́kọ́ ròyìn fún. Àwa méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Tẹ́lẹ̀, bó bá pè mí, á sọ ẹni tó ṣègbéyàwó àti ẹni tó bímọ. Báyìí, òkú ló ń kà fún mi. Orúkọ mìíràn tó bá dá, ojú ẹni náà kì í wá sí mi lọ́kàn mọ́, n ó kàn sọ pé “Áà! Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.” Lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún un pé, “Má dààmú, yah.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń jẹ́ yah?” Mo wá a lọ́kàn, n kò rí ohun tí mo lè fi túmọ̀ rẹ̀. Ó máa ń wà níparí ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ pé o fẹ́ràn ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. N kò mọ ìgbà tó wọ Yorùbá mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà níbí, wọ́n ní mo ti di ará Liberia. Ní ọjà, wọ́n ní kí obìnrin Nàìjíríà yẹn má bá àwọn jiyàn. Bí mo bá rò ó dáadáa, ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ nìkan ni wọn kì í ti í bi mí ní ìbéèrè.

Ní ọjọ́ Ajé mo ránṣẹ́ pe Flomo. Mẹkáníìkì ni, ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kan ní Clara Town. Ọkùnrin náà tóbi. Bó bá bọ́ sílẹ̀ nínú kekeh, kekeh á ga sókè. Láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pààrọ̀ bátìrì, ó ti pààrọ̀ sítátà, ó ti fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì mọ́ bí eyín ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ náà mo yí kọ́kọ́rọ́ lójú rẹ̀: kò jí. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ó wọlé, ó yí i: gbùù!

“Old Ma, da car na get no trouble-o,” ó ní. “Maybe da you. Maybe da way you turning da key.”

“Flomo, mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí ọ.”

“Da true, Old Ma. Maybe you tired, yah.”

Ó ku díẹ̀ kí n fi sípánà lù ú. Bí ohùn Bàbá Délé ṣe wọ̀ mí létí nìyẹn: ó mọ olówó ẹ̀. Mo wọlé lọ, mo jókòó. Èmi tí mo fi odindi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ènìyàn pé nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ láìní ìdí, mo jókòó sórí àga mi, mo ń rò ó bóyá lóòótọ́ ni mọ́tò lè kórìíra obìnrin.

Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Mo mú ìwé tí mo ń kọ ẹyin sí, nítorí gbogbo ọjọ́ tí mọ́tò jí àti ọjọ́ tó kọ̀ ló wà níbẹ̀. Mo fa ilà. Mo kọ òjò, mo kọ oòrùn, mo kọ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mo kọ ẹni tó yí kọ́kọ́rọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé omi ló ń fà á, ṣùgbọ́n ó ti jí rí nínú òjò tó pọ̀ jù lọ. Ó dájú pé bátìrì kọ́: bó bá kọ̀, iná iwájú rẹ̀ ṣì máa ń mọ́lẹ̀ rekete, fèrè rẹ̀ sì máa ń ké. Sítátà gan-an kọ́, nítorí bó bá jẹ́ òun, à bá gbọ́ kó dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́kẹ́ ló ń pa. Ìyẹn ni pé iná kò dé ọ̀dọ̀ sítátà rárá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń gbé àṣẹ láti ọwọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ fún sítátà. Ibì kan lórí wáyà yẹn, nǹkan ń já, nǹkan ń so. Ṣùgbọ́n èé ṣe tó fi ń so fún Flomo ní gbogbo ìgbà, tó ń já fún èmi?

Ọjọ́bọ̀ ló là mí lójú. Mo lọ ra oúnjẹ adìyẹ, àpò kan tó wúwo bí àgbàlagbà. Wọ́n bá mi gbé e sẹ́yìn mọ́tò, òjò sì ṣú. Mo ní kí wọ́n gbé e wá síwájú, sórí ìjókòó gígùn tí èmi náà ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí wẹ́rẹ́. Mo ṣí ìwé mi. Mo rí i pé ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti gbé oúnjẹ adìyẹ síwájú láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mọ́tò náà jí.

Àpò oúnjẹ adìyẹ kì í ṣe ọkùnrin. Kì í ṣe olówó ẹnikẹ́ni. Ohun tó fi jọ Flomo kò ju ọ̀kan lọ: ó wúwo. Èmi, bí mo bá wọ aṣọ tó tutù, bóyá ni mo fi wúwo tó ìdajì Flomo.

Nígbà tí mo délé, mo gbé àpò náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo fà á bí òkú ewúrẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́: kò jí. Mo bẹ obìnrin tó ń ta kádì fóònù lẹ́nu géètì mi kó bá mi gbé e padà sí i: ó jí. A gbé e sọ̀kalẹ̀, a gbé e padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Obìnrin náà bi mí bóyá ara mi yá. Mo sọ fún un pé ara mi kò tíì yá tó báyìí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Mo mú sípánà. Mo tú ìjókòó gígùn náà kúrò nílẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn irin kan tí ojú kò lè tó bí a kò bá gbé ìjókòó kúrò, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà, tí a fi téèpù dúdú dì mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, ó sì lọ sínú súìṣì kékeré kan tí wọ́n fi síbi tí ọwọ́ awakọ̀ lè tọ́ bó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni ń tún ìjókòó ṣe. Bí ẹnì kan bá pa súìṣì náà, iná kò lè dé ọ̀dọ̀ sítátà láé. Báyìí ó wà ní títàn, ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ òkun ti jẹ ẹnu rẹ̀, wáyà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́. Bí ènìyàn wúwo bá jókòó, irin ìjókòó á tẹ wáyà náà mọ́lẹ̀, á kàn, mọ́tò á jí. Mo mú gílóòbù kékeré kan, mo so wáyà méjì mọ́ ọn, mo dán an wò níhìn-ín súìṣì: ó tàn. Mo dán an wò lọ́hùn-ún: kò tàn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ wáyà náà: ó tàn.

Mo yọ súìṣì náà, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ọ̀dà funfun wà níbẹ̀, nọ́ńbà méje, ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́. Láti inú yàrá ìṣàyẹ̀wò ilé ìwé mi ni wọ́n ti mú un. Ọdún tó sọnù, mo ní kí odindi kíláàsì kan jókòó sínú oòrùn kí olè lè jẹ́wọ́. Olè náà wà nílé, ó ń retí oúnjẹ ọ̀sán.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà mo pe Abẹ́òkúta.

“Ta nìyẹn?” Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

“Èmi ni. Mo rí súìṣì.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Há! Ìyá Délé! O rí i? Ogun ni jàre. Bí mo bá sọ fún ọ, tí wọ́n bá nà ọ́ díẹ̀, o ó jẹ́wọ́. Ṣé kì í ṣe òun ló gba mọ́tò là?”

“Ó gbà á là. O sì jẹ́rìí pé áńgẹ́lì ni.”

“Ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún èèyàn náà, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ áńgẹ́lì ni?”

“Ogun parí, o kò yọ ọ́.”

“Mo gbàgbé ni.”

“O kò gbàgbé. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ńkọ́? Ọjọ́ tí o pẹ́ nílé ìwẹ̀ títí aago mẹ́wàá?”

Mo gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Ìyá Délé,” ó ní, “nẹ́tíwọ̀kì ibí kò dára o. Hẹ́lóò? Hẹ́lóò?”

Ó pa fóònù. Ketekete ni mò ń gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá ń retí kí n sọ pé mo dárí jì í, ẹ̀ ń fi àkókò yín ṣòfò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ọ̀bẹ họ orí wáyà méjèèjì títí bàbà rẹ̀ fi ń dán, mo lọ́ wọn pọ̀, mo fi téèpù dì wọ́n, mo so ìjókòó padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ láìsí àpò, láìsí Flomo, láìsí ọkọ. Ó jí. Mo pa á, mo tún jí i. Ṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi, obìnrin tó ń ta kádì fóònù sì lọ wá omi tútù fún mi.

Ní àárọ̀ Sátidé, Alàgbà Ọmọ́táyọ̀ dé. Òun náà tóbi, aṣọ funfun gbọ̀nrangandan ló wọ̀. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sẹ́nu géètì mi, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú píkọ́ọ̀pù. Mo ní kó sọ̀kalẹ̀ ná, nítorí mo fẹ́ jàre láìsí màgòmágó. Ó dúró síta, ó ń fi ìka ka iye rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló jí.

“Ògo fún Ọlọ́run!” Alàgbà ní. Ó padà wọlé, ó pe Délé lórí fóònù, ó tẹ ẹ́ síta kí èmi náà lè gbọ́. “Délé, mọ́tò ti yá. Ó yá pátápátá.”

“Ẹ ṣeun, sà! Ìyẹn dára gan-an,” Délé ní. “Mọ́tò tó ń jí, wọ́n á rà á kíákíá. Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ lè wá máa palẹ̀ mọ́ báyìí, ọkàn yín á balẹ̀.”

Alàgbà ń mi orí bí alángbá. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi.

“Délé,” mo ní, “bó bá kọ̀, n ó máa bọ̀ nílé. Bó bá jí, n ó máa bọ̀ nílé. Ìdánwò wo ni mo wá ń kọ láti ọjọ́ mẹ́fà?”

“Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò…”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò. O ṣeun tí o sọ ọ́. Tóò, gbọ́ mi. Mi ò bọ̀.”

“Màmá, ta lẹ ní níbẹ̀?”

Ìbéèrè tó dáa ni. Mo rò ó. “Àwọn tó tì mí ní Clara Town,” mo ní, “kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé ìgbà wo ni mo ń lọ. Wọ́n ní kí n di ọwọ́ ọkọ̀ mú dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi. N ó wá wò yín nígbà Kérésì, n ó sì padà. Fi tẹlifíṣọ̀n yẹn fún àwọn ọmọ.”

“Màmá…”

“Má dààmú, yah.”

Mo na ọwọ́ sí fóònù Alàgbà, mo pa á. Kó tó fi fóònù rẹ̀ sápò, mo ti fi mọ́tò sí jíà, a ti jáde.

“Ìyá Délé! Níbo là ń lọ?”

“Ẹyin wà lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà mi ń retí.”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀, mo wọ aṣọ funfun!”

“Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, Alàgbà. Ẹ ti bá mi ṣe ìpàdé láìpè mí. Ẹ wá bá mi ṣiṣẹ́.”

Ní Clara Town, mo dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, ó sì máa ń dùn mí lóòótọ́ bí mo bá fẹ́. Alàgbà Ọmọ́táyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kireeti ẹyin mẹ́jọ wọlé, ẹrẹ̀ ń ta sí i láti ìsàlẹ̀ títí dé orúnkún, àwọn aláàárù sì ń kí i pé, “Old Pa, thank you yah! Take time with da egg!” Ó jáde, ó ń làágùn, ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò.

“Ìyá Délé, ẹ óò gbé mi padà sídìí mọ́tò mi báyìí, àbí?”

Mo ṣì ní ẹyin láti já ní Jallah Town, òjò sì ti ń ṣú bọ̀ láti ojú òkun.

“Alàgbà,” mo ní, “kekeh pọ̀ níbí.”

Mo yí kọ́kọ́rọ́.